Gálásì tó fara pamọ́ sínú eruku: Bí ooru ṣe ń tú àṣírí wọn, àti ìdí tí Accra fi ń gbọ́ ohun tí kò lè rí

Bí Ladípọ̀ ṣe jẹ́ fún ará Èkó, bẹ́ẹ̀ ni Abossey Okai ṣe jẹ́ fún ará Accra. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá yọnu, tó ń wá ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì tàbí rẹdiétọ̀ tókunbọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ní kó lọ. Ìsọ̀ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, irin ń bẹ lórí irin, eruku sì ń bẹ lórí gbogbo rẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Ní irú ọjà bẹ́ẹ̀, ojú nìkan kò tó. Ọkọ̀ tí eruku bò lè jẹ́ èyí tó ti wà lójú kan láti èṣí, ó sì lè jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kumasi dé. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ ni kí mẹkáníìkì na ọwọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bó bá gbóná, ẹ́ńjìnnì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ tán ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ ní láti kan irin náà. Kó tó débẹ̀, ooru á ti pàdé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Púpọ̀ nínú ooru tó pàdé àtẹ́lẹwọ́ yẹn, ìmọ́lẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò rí i. Infrared ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Òun náà ni wọ́n ń lò láti mọ ìtàn àwọn gálásì, ìyẹn àwọn agbo ìràwọ̀ ńláńlá tó kún ojú ọ̀run: èwo ló ṣì ń bí ìràwọ̀, èwo ló ti dáwọ́ dúró, nígbà wo sì ni?

Accra náà ní ọwọ́ nínú ìwádìí ojú ọ̀run yìí, àmọ́ kì í ṣe lọ́nà tí èèyàn lè rò. Ohun èlò tí wọ́n ń lò níbẹ̀, tókunbọ̀ lòun náà.

Kí ló dé tí eruku fi ń bo gálásì?

Òòrùn wa jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ìràwọ̀ tó wà nínú gálásì tiwa, tí wọ́n ń pè ní Milky Way. Àwọn ìràwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 100. Àwọn gálásì mìíràn tó wà lójú ọ̀run náà kò sì lóǹkà.

Inú ìkùukùu afẹ́fẹ́ àti eruku ni wọ́n ti ń bí ìràwọ̀. Eruku yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń gbá nínú ilé. Ó kúnná bí èéfín, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì ju irú èyí tó wà nínú èédú àti yanrìn lọ. Ara àwọn ìràwọ̀ tó ti gbó, tó ń kú lọ, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá.

Ẹni tó bá ti rí òòrùn lásìkò ọyẹ́ mọ ohun tí eruku ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀. Òòrùn á ṣú, á pọ́n, èèyàn á lè wò ó lójú koroojú nígbà tó bá ń wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni eruku inú gálásì ṣe ń ṣe sí àwọn ìràwọ̀ tuntun tó wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù wọn kò rọ́nà jáde, èyí tó pọ́n díẹ̀ nìkan ló ń yọ́ kọjá.

Ibí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Gálásì tó ti gbó, tí kò bí ìràwọ̀ mọ́, máa ń pọ́n, torí pé àwọn ìràwọ̀ búlúù kì í pẹ́ kú, àwọn pupa ló máa ń ṣẹ́kù. Gálásì tó ń bí ìràwọ̀ lọ́wọ́ àmọ́ tí eruku bò náà máa ń pọ́n. Tí wọ́n bá wo méjèèjì pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, bákan náà ni wọ́n rí. Ọ̀kan ti jókòó tipẹ́, èkejì ń sáré lọ́wọ́.

Ohun tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bọ́nẹ́ẹ̀tì. Eruku tó gbé ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ mì kò lè gbé e mì lásán. Ó ń gbóná, ó sì ń dá ooru náà padà sí ojú ọ̀run gẹ́gẹ́ bí infrared. Gálásì tí ooru rẹ̀ pọ̀ ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò bá ní ooru ti sinmi.

Ìdajì ìmọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí

Ọdún 1800 ni William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ tó ń gbé ní England, fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ òòrùn sí oríṣiríṣi àwọ̀, tó sì fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó tún fi ọ̀kan sí ẹ̀yìn àwọ̀ pupa, níbi tí kò ti sí ìmọ́lẹ̀ kankan tí ojú lè rí. Èyí tó wà níbẹ̀ gbóná ju àwọn yòókù lọ.

Ó tó nǹkan bí igba ọdún ó dín díẹ̀ lẹ́yìn náà kí aráyé tó lè fi ìmọ́lẹ̀ yìí wo gbogbo ojú ọ̀run. Lọ́dún 1983, Amẹ́ríkà, Netherlands àti Britain jọ gbé sátẹ́láìtì IRAS lọ sókè. Oṣù mẹ́wàá péré ló lò. Ó rí àwọn gálásì tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni ojú ń rí lára wọn, àmọ́ tí ooru wọn ju ti Milky Way lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ sátẹ́láìtì COBE ti Amẹ́ríkà wò rí ohun kan tó yí ìṣirò padà. Bí wọ́n bá kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí àwọn gálásì ti tàn láti ìbẹ̀rẹ̀ jọ, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni eruku ti gbé mì, tó sì ti sọ di ooru. Ìyẹn ni pé gbogbo ìwé tí wọ́n ti kọ nípa bí gálásì ṣe dàgbà, tó gbára lé ohun tí ojú rí nìkan, ìdajì ìtàn ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń rí àwọn gálásì ìgbàanì tó ń bí ìràwọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Milky Way tiwa ń bí ohun tó tó òòrùn kan tàbí méjì lọ́dún. Àwọn kan lára àwọn tí wọ́n rí náà ń bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àwọn mìíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan lọ́dún. Ohun tí wọ́n wá fẹnu kò lé lórí ni pé nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún sẹ́yìn ni ìbímọ ìràwọ̀ pọ̀ jù lọ ní àgbáálá ayé, tó sì ti ń lọ sílẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọ̀nà jíjìn náà ń sọ ìmọ́lẹ̀ di infrared

Ìdí kejì tí wọ́n fi nílò infrared kò ní ohun tó kan eruku. Ìmọ́lẹ̀ gba àkókò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà ẹni tó ń wo gálásì tó jìnnà, ohun tó ti kọjá ló ń wò. Bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń bọ̀, àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i, ó sì ń na ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà. Ìmọ́lẹ̀ tó gbéra pẹ̀lú àwọ̀ búlúù á ti di infrared kó tó dé ibí.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́ James Webb, ẹ̀rọ awòràwọ̀ tí wọ́n yìn lọ sókè láti Kourou ní French Guiana ní ọjọ́ 25, oṣù Kejìlá, ọdún 2021. Awò rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 6.5, wúrà ni wọ́n sì fi kun ojú rẹ̀, torí pé wúrà ń dá infrared padà dáadáa. Ibi tó wà jìnnà sí ayé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ kìlómítà. Agbòòrùn rẹ̀, ìpele márùn-ún, fẹ̀ tó pápá ìgbábọ́ọ̀lù tẹ́níìsì, kí ooru òòrùn má bàa kàn án.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn tó ń lò ó kéde gálásì kan tí wọ́n pè ní JADES-GS-z14-0. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbéra nígbà tí àgbáálá ayé, tó ti pé bílíọ̀nù 13.8 ọdún báyìí, kò tíì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 300 ọdún lọ. Ìgbì rẹ̀ ti nà ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó dé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ ALMA tó wà ní Chile rí ọ́síjìn nínú rẹ̀. Inú ìràwọ̀ ni ọ́síjìn ti ń wá, nígbà tí ìràwọ̀ náà bá kú ló sì máa ń tú u síta. Èyí túmọ̀ sí pé ní kùtùkùtù yẹn, àwọn ìràwọ̀ kan ti gbé ayé, wọ́n sì ti kú. Ọdún 2025 náà ni wọ́n tún kéde òmíràn, MoM-z14, tó jìnnà ju ìyẹn lọ díẹ̀.

Èsúsú ìmọ́lẹ̀

Kì í ṣe gbogbo gálásì ló mọ́lẹ̀ tó èyí tí wọ́n ń fún lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ló kéré, tí ìmọ́lẹ̀ wọn sì rẹ̀wẹ̀sì débi pé ẹ̀rọ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo inú àwòrán. Àwọn wọ̀nyí ló sì pọ̀ jù. Ẹni tó bá fi wọ́n sílẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́ mọ bí ọjà ṣe ń lọ ní Accra, tó sì wá kàwọn olówó ńlá nìkan.

Ìṣòro mìíràn tún wà ńbẹ̀. Ìgbì infrared tó gùn máa ń sọ àwòrán di bàìbàì. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè lóru, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì máa ń dà bí ẹyọ kan títí tó fi máa súnmọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Herschel, ẹ̀rọ awòràwọ̀ ti Yúróòpù tó ṣiṣẹ́ láti 2009 sí 2013, tí wọ́n fi orúkọ bàbá ọdún 1800 yẹn sọ. Bí awò rẹ̀ tilẹ̀ fẹ̀ tó mítà 3.5, gálásì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dà pọ̀ di ẹyọ àmì kan nínú àwòrán rẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i kò yàtọ̀ sí èsúsú. Wọ́n á kọ́kọ́ lo àwòrán tó mọ́ kedere, irú èyí tí Hubble yà, láti mọ ibi tí àwọn gálásì kéékèèké wà gan-an. Wọ́n á gé ojú ibẹ̀ jáde nínú àwòrán infrared, bí kò tilẹ̀ sí ohun tó hàn níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún, wọ́n á tò wọ́n lé ara wọn lórí.

Ariwo inú àwòrán kì í dúró lójú kan: ibi tó ti ga nínú ọ̀kan, ó lè ti lọ sílẹ̀ nínú òmíràn, wọ́n á sì máa pa ara wọn rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ gálásì ní tirẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn nínú gbogbo wọn. Bí àwòrán bá pé 100, ariwo á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Owó kékeré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá á wá di ohun tó ṣeé kà. Kò sọ ohun tí ẹnì kan pàtó dá, àmọ́ ó sọ iye tí wọ́n ń dá lápapọ̀, ìyẹn náà sì tó láti mọ iye ìràwọ̀ tí irú gálásì bẹ́ẹ̀ ń bí.

Kí ló dé tí wọn kò lè ṣe é láti Accra?

Ohun méjì ni, ọ̀rinrin àti ooru. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń gbé púpọ̀ nínú infrared mì kó tó dé ilẹ̀, ìlú tó wà létí òkun bí Accra kò sì ṣaláìní ọ̀rinrin. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo ohun tó bá gbóná ló ń tan infrared: afẹ́fẹ́, páànù orí ilé, ara ẹni tó ń wo ìràwọ̀, àti ẹ̀rọ tó fi ń wò ó pàápàá. Ẹni tó fẹ́ wá ooru gálásì láti Abossey Okai lọ́sàn-án tàbí lóru, ńṣe ló ń wá iná fìtílà láti inú iná alágbẹ̀dẹ.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gun orí òkè Mauna Kea ní Hawaii, tó ga ju mítà 4,000 lọ, tàbí kí wọ́n lọ sí aṣálẹ̀ Atacama ní Chile. Amẹ́ríkà àti Jámánì tiẹ̀ gé ihò sára ọkọ̀ òfuurufú Boeing 747 kan, wọ́n gbé awò sínú rẹ̀, wọ́n sì ń fò kiri pẹ̀lú rẹ̀ lóru títí di ọdún 2022. Èyí tó sì dára jù ni kí ẹ̀rọ kúrò láyé pátápátá, kó sì tutù. Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ inú Webb ní láti tutù ju ìwọ̀n òdo lọ ní 266 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó lè ṣiṣẹ́.

Rédíò ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀. Ó ń gba inú ìkùukùu kọjá, ó sì ń gba inú eruku gálásì kọjá pẹ̀lú.

Díìṣì tókunbọ̀ tó wà ní Kuntunse

Létí ọ̀nà tó lọ sí Nsawam, lẹ́yìn ìlú Accra, ni Kuntunse wà. Díìṣì kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 32. Ọdún 1981 ni wọ́n kọ́ ọ, kì í sì í ṣe nítorí ìràwọ̀. Tẹlifóònù ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ẹni tó ń pe òkè òkun láti Ghana nígbà náà, ohùn rẹ̀ lè gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, kó tó sọ̀ sí ìlú òyìnbó.

Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun dé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ díìṣì náà. Ilé iṣẹ́ Vodafone, tó wá di oníǹkan, fà á lé ìjọba Ghana lọ́wọ́. Àwọn ẹ́ńjínníà láti Ghana àti South Africa bá tú u palẹ̀: wọ́n tún àwọn ohun tó ń yí i ṣe, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run sí i, wọ́n sì kọ́ ọ láti máa tẹ̀ lé ìràwọ̀ dípò sátẹ́láìtì tó dúró sójú kan. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹjọ, ọdún 2017, Ààrẹ Nana Akufo-Addo ṣí i. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Abossey Okai lójoojúmọ́ náà nìyẹn, àfi pé ọjà tí wọ́n tún tà fún ara wọn yìí tóbi díẹ̀.

Ó dára bí kò ṣe sí ní àárín ọjà náà ṣá o. Iná tó ń ṣẹ́ nínú pílọ́ọ̀gì ọkọ̀ ń pariwo lójú ìgbì rédíò ju gálásì lọ fíìfíì.

Díìṣì Kuntunse kò rí gálásì tó rẹ̀wẹ̀sì bí èyí tí Webb ń rí, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ó ń rí wọn. Lára ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni àmì rédíò láti ara methanol, irú ọtí kan tí kò ṣeé mu, tó wà nínú ìkùukùu tí wọ́n ti ń bí àwọn ìràwọ̀ ńlá nínú Milky Way. Infrared tó ń jáde láti ara eruku gbígbóná ló ń ta methanol náà jí, tó fi ń ké. Èyí ni pé, ibi tí infrared ti ń tàn, tí Accra kò lè rí, Kuntunse ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ìsopọ̀ yìí tún lágbára sí i lọ́dọ̀ àwọn gálásì tó jìnnà. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti mọ̀ pé gálásì tí infrared rẹ̀ bá pọ̀, rédíò rẹ̀ náà máa ń pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ìràwọ̀ ńlá ló wà nídìí méjèèjì: nígbà ayé wọn, wọ́n ń mú eruku gbóná; nígbà tí wọ́n bá bú, wọ́n ń tú ohun tó ń fa rédíò síta. Gálásì tí rédíò rẹ̀ bá wá ju ooru rẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ihò dúdú ńlá kan, irú èyí tó ń gbé ohun gbogbo tó bá súnmọ́ ọn mì, ló wà ní àárín rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

Láti mọ èyí dájú, wọ́n nílò díìṣì tó jìnnà síra, tí wọ́n á jọ wo ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bíi díìṣì kan ṣoṣo tó fẹ̀ bí ilẹ̀ tó wà láàárín wọn. Yúróòpù ní tirẹ̀, South Africa ní tirẹ̀ ní Hartebeesthoek. Àlàfo ńlá ló wà láàárín, Ghana sì wà nínú àlàfo náà. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, Ghana nìkan ló sì ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wá nínú wọn, ló bá South Africa ṣe àdéhùn lórí ètò yìí.

Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ náà?

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Lọ́dún 1965, Samuel Okoye, ọmọ Nàìjíríà, àti Antony Hewish rí ohun kékeré kan tí rédíò rẹ̀ lágbára lọ́nà tó yani lẹ́nu nínú Crab Nebula. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ayé tó mọ irú ìràwọ̀ tó jẹ́. Okoye padà sí Nsukka láti dá ẹ̀ka ìwádìí ojú ọ̀run sílẹ̀. Ní Burkina Faso lónìí, Marie Korsaga, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ yìí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ń ṣèwádìí nípa ohun tí gálásì gbé sínú. Ètò DARA, tí Britain àti South Africa gbé kalẹ̀, sì ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Ghana ní iṣẹ́ rédíò ojú ọ̀run.

Àwòrán infrared pàápàá kò sí lábẹ́ àgádágodo. Gbogbo iṣẹ́ Herschel àti ti Spitzer, tí Amẹ́ríkà lò láti 2003 sí 2020, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Webb, àwọn kan ń jáde lójú ẹsẹ̀, àwọn yòókù kì í ju ọdún kan lọ. Ohun tó wọ́n ni dátà àti iná mànàmáná tí èèyàn máa fi wà á jáde, àti olùkọ́ tó máa fi ọ̀nà hàn án. Èsúsú ìmọ́lẹ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà kan tó dára lè ṣe é.

Iṣẹ́ sì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Láti ìgbà tí Webb ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí àwọn àmì pupa kéékèèké láti ìgbà tí àgbáálá ayé ṣì wà ní èwe. Lọ́dún 2023, àwọn kan ṣírò pé bó bá jẹ́ ìràwọ̀ ló kún inú wọn, a jẹ́ pé wọ́n ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ fún ọjọ́ orí wọn. Àwọn mìíràn ní ihò dúdú tí eruku bò ni. Wọ́n to àwòrán infrared wọn lé ara wọn lórí láti wá ooru eruku náà, ooru tí wọ́n ń retí kò sí níbẹ̀. Wọ́n fi rédíò gbọ́ wọn bákan náà, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n pọ́n, bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn kò gbóná, wọn kò sì tíì dàgbà tó ohun tó lè gbó. Ohun tí wọ́n jẹ́ gan-an ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí.